Géèjì tí Ọkọ Mi Fi Ránṣẹ́ sí Èmùré

Abẹ́ igi káṣú kan ni mẹkáníìkì wa ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ilé ti ń tán lọ bí èèyàn bá ń jáde kúrò ní Èmùré sí ọ̀nà Ìsẹ̀. Bí o bá débẹ̀ lásìkò tí káṣú ń pọ́n, òórùn méjì ni yóò pàdé rẹ lẹ́ẹ̀kan náà: òórùn èso tó já sílẹ̀ tó ti ń kan, àti òórùn ọ́ìlì dúdú tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń mu láti ọjọ́ pípẹ́, débi pé koríko kì í hù níbẹ̀ mọ́. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń ta káṣú kọjá, ọkàn mi a kọ́kọ́ dàrú kí n tó rántí ohun tó fà á. Abẹ́ igi yẹn ni wọ́n ti de géèjì ọ́ìlì mọ́ ọkọ̀ wa. Abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ ọ̀hún padà sí nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ jóná, tí géèjì náà sì wà lára rẹ̀ láìfarapa.

Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan ni. Ọkọ mi rà á nígbà tí a kó kúrò n'Íbàdàn wá sí Èmùré, ìlú wọn, lẹ́yìn tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kógbá wọlé. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì mọ̀ nípa oko ju ohun tí mo ń rà lọ́jà lọ, àmọ́ ó ní ilẹ̀ tí bàbá òun fi sílẹ̀ yóò bọ́ wa, kò sì parọ́. Ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ là ń gbìn, Ìkẹ́rẹ́ la sì ń kó wọn lọ tà. Nígbà tó yá, ọ̀nà ìlú òyìnbó ṣí fún un, ó lọ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ó wá ku èmi, ọmọbìnrin wa, ìyá ọkọ mi tí à ń pè ní Màmá, àti píkọ́ọ̀pù. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà kó tó lọ, Màmá sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà láti jókòó tì mí. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tó bímọ, kí ló kù tí kò lè wà?"

Ọkọ̀ yẹn ti dun ọkọ mi rí. Ó ku díẹ̀ kó rìnrìn àjò nígbà tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ àkọ́kọ́ jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, nígbà tó ń fi ẹrù gun òkè kan lẹ́bàá Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó dùn ún jù ni pé géèjì tó ń wọn bí omi ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó kò sọ nǹkan kan fún un. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró láàárín gbedeke títí ẹ́ńjìnì fi kú. Mẹkáníìkì ṣàlàyé fún un lọ́jọ́ náà pé géèjì omi, omi nìkan ló mọ̀; ọ́ìlì lè ti gbóná kọjá ààlà kí omi tó fura. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó gbé e dání lọ sí òkè òkun. Bó bá ti iṣẹ́ dé, àwọn fídíò àwọn tó ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ló máa ń wò, ìgbà tó sì ṣe, ó sọ fún mi pé òun ti ra géèjì kan tó ń wọn bí ọ́ìlì ṣe gbóná tó, ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé yóò mú un wá. Inú bàtà tuntun ọmọ wa ló kì í bọ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ wé e bí ẹyin.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ dè é, ó pè mí lórí fídíò, ó ní kí n gbé fóònù sókè kí òun lè máa rí ohun gbogbo. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú nọ́ọ̀tì tí wọ́n máa ń gbà da ọ́ìlì nù, ọ́ìlì dúdú sì ṣàn sínú ike. Ihò tí nọ́ọ̀tì yẹn ti jáde ló ki sẹ́ńsọ̀ sí, bàbà kékeré kan tí kò ju ìka lọ, tí yóò máa wà nínú ọ́ìlì nígbà gbogbo láti mọ bó ṣe gbóná tó. Réwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ sì fa wáyà láti ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì wọ inú ọkọ̀, ó dá ihò sí dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ìdarí ọkọ̀. Ní gbogbo àkókò náà, ohùn ọkọ mi ń jáde láti ọwọ́ mi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wáyà yẹn kan páìpù èéfín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dè é kó le dáadáa." Mẹkáníìkì ń dáhùn pé, "Ọ̀gá, mo ti gbọ́," títí tí kò fi dáhùn mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣíná, iná tàn lẹ́yìn ojú géèjì náà, abẹ́rẹ́ sì gbọ̀n, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi pariwo ayọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyàwó, gbọ́ mi o. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ojú pupa tí wọ́n kùn sí ìparí yẹn, pa ọkọ̀. Má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Pa á, kó o jẹ́ kó tutù." Mo ní, "Mo ti gbọ́, Dádì." Ìlérí tí kò le ni lábẹ́ igi káṣú, níbi tí èèyàn yí mi ká.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi. Ó dà bíi pé ọkọ mi wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú mi. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe máa ń rí bí ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ kò bá sí. Nǹkan kékeré tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ wá, èèyàn a máa fi ojú ẹni náà wò ó. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ ìrọ̀lẹ́ yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Màmá ń kọ́? Ọmọ ti jẹun?" ló máa ń kọ́kọ́ bi mí. Nígbà tó yá, ó di "Abẹ́rẹ́ ń kọ́? Ibo ló dé lónìí?" Bí mo bá ní ó dé ibi báyìí, á ní, "Òkè wo nìyẹn? Ẹrù mélòó lo kó?" Èmi náà wá di ẹni tí kì í wo ọ̀nà tó bí mo ṣe ń wo géèjì. Ọrùn a máa ro mí bí mo bá délé.

Ohun kan sì wà tí a kì í sọ fún un. Lásìkò yẹn, ọ̀nà ti ń bà wá lẹ́rù. O mọ ibi tí mò ń wí, láàárín Ìsẹ̀ sí Ìkẹ́rẹ́, níbi tí igbó ti sún mọ́ títì lápá méjèèjì, tí kòtò sì ń mú kí ọkọ̀ rìn bí ìgbín. Gbogbo ènìyàn ló ní ìtàn kan nípa ẹni tí wọ́n gbé wọ igbó lọ níbì kan tí kò jìnnà. Òmíràn jẹ́ òtítọ́, òmíràn ń dàgbà lẹ́nu bó ṣe ń lọ. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ara wọn ní Ìsẹ̀ kí wọ́n lè tò tẹ̀léra, kò sì sí ẹni tó jẹ́ dúró tọ̀ lọ́nà mọ́. Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi. Màmá ló ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. "Kí ni kó fi í ṣe?" ni ó bi mí. "Kò ní ìyẹ́ tó lè fi fò wálé. Jẹ́ kó sun oorun tirẹ̀." Mo rí i pé òótọ́ ló sọ, a sì jọ pa á mọ́.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, Màmá sì bá mi lọ nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n yẹ ojú òun wò ní ilé ìwòsàn kan n'Íkẹ́rẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. A kúrò nílé ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ dá wa dúró, nígbà tí a sì fi dé Ìsẹ̀, àwọn tí à bá tẹ̀ lé ti lọ. Mo rò ó pé kí n dúró. Mo wo ojú Màmá tó ń ṣomi, mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n lẹ́yìn ọkọ̀, mo sì ní kí á máa lọ. Kò pẹ́ tí a fi bá ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan tó ru gẹdú, tó ń fà lórí òkè. Kò sí àyè láti yà á sílẹ̀. Jíà àkọ́kọ́ ni mo fi ń tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnì ń ké, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ sí i lára. Ìgbà tí ọkọ̀ gẹdú yẹn fi yà wọ ọ̀nà igbó tirẹ̀, tó wá ku àwa nìkan lójú títì, mo gbọ́ òórùn náà: ọ́ìlì tó ń dín bí epo tó ti pẹ́ jù lórí iná. Mo wo géèjì. Abẹ́rẹ́ ti wọ ojú pupa.

"Kí ló dé?" Màmá bi mí.

"Ó ti wọ pupa, Màmá."

"Kí ni ọkọ rẹ ní kí o ṣe?"

"Ó ní kí n pa á."

Ó yíjú sí òsì, ó yíjú sí ọ̀tún. Igbó ni níhìn-ín, igbó ni lọ́hùn-ún, omi òjò ṣì ń kán lórí ewé. Ẹsẹ̀ mi ti kúrò lórí ìtẹ̀sá tó ń mú ọkọ̀ sáré, ọkọ̀ ti ń rọra dẹ̀, mo sì ti ń wá ibi tó le tí mo lè dúró sí, nígbà tí mo rí ọ̀kadà kan níwájú. Ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bàtà sílípáàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín lọ wo pàkúté rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú ló ń run ún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọwọ́ Màmá bà lé itan mi, ó sì wúwo ju bí ọwọ́ arúgbó ṣe yẹ kó wúwo lọ.

"Ìyàwó mi, ugbó rèé. Má dúró síbẹ̀. Wà á."

"Ẹ́ńjìnì á jóná, Màmá."

"Uná tó bá jó irin kò jó èèyàn. Wà á!"

Mo wà á. A kọjá lára ọ̀kadà yẹn, mi ò sì wẹ̀yìn. Ojú mi kò kúrò lára abẹ́rẹ́, ó ti dé òpin ibi tó lè lọ, ohùn ọkọ mi sì ń dún létí mi pé pa á, pa á. Nígbà náà ni Màmá tú ìborùn tó wé mọ́ orí, ó nà án kọjá iwájú mi, ó sì fi bo géèjì náà. "Ọ̀nà ni kí o máa wò," ni gbogbo ohun tó sọ. Orí rẹ̀ funfun wà ní gbangba, èyí tí mi ò tíì rí i kó ṣe níta rí. Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́, bí ẹni ń fi òkúta lu páànù, lẹ́yìn náà ó di gbì, gbì. Èéfín ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ẹranko tó rẹ̀. Orí ìdàgẹ̀rẹ̀ tí a ti ń rí òrùlé ni ó ti kú pátápátá. A sì ń yí lọ fúnra wa, láìsí ohùn, títí tí a fi dúró níwájú àtíbàbà kan tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Wọ́n sáré bá wa. Ọ̀kan fún Màmá lómi, òmíràn di ọwọ́ mi mú torí pé mi ò lè tú u kúrò lára ìdarí ọkọ̀. Màmá mu omi tán, ó béèrè ẹ̀yìn ilé níbi tó lè tọ̀ sí, nígbà tó sì padà dé ó jókòó sórí àga kékeré, ó di etí aṣọ mi mú. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà.

Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ dé abẹ́ igi káṣú, mẹkáníìkì tú ẹ́ńjìnì náà, ó sì pe mí wá wò ó. Irin tó yẹ kó máa dán ti dúdú, ó sì ti há. Kò bínú, kò sì ṣàríwísí. Ó kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ ò rí géèjì ni, Mà?" Mo ní mo rí i. Ó mi orí, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé délé, òun náà ni ọkọ mi sì bi mí nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kò jẹ́jẹ́.

"O rí i pé ó wọ pupa, o sì ń wà á lọ?"

"Mo rí i."

"Kí ni mo wá rà á fún? Ìgbà tí tèmi jóná, mi ò mọ̀. Ìwọ mọ̀!"

Mo sọ ti ọ̀nà fún un nígbà náà, gbogbo ohun tí a ti ń pa mọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sì tú u jáde, bí ẹni tó ń wá àwáwí. Kò gbà á gbọ́. Ó ní ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ tí òun fẹsẹ̀ rìn láti kékeré kọ́ ni mò ń sọ. Ó wá bi mí ní èyí tó dùn mí jù: "Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀?"

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ tí a gbọ́. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, mo béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó ní wọ́n gbé ẹnì kankan lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó mọ ti ọ̀kadà náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí fóònù bá dún, tàbí tí ẹnì kan bá sáré wọ àgbàlá wa, mo máa ń gbé orí sókè pẹ̀lú ìrètí, ó sì pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mò ń retí. Ìròyìn burúkú ni mò ń dúró dè. Mo ń fẹ́ kí ibi ti bá ẹnì kan níbẹ̀, kí n lè fi hàn pé mo jàre. Ọjọ́ tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé, mo sunkún, mi ò sì lè sọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún fún ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi kò pè fún ìgbà díẹ̀, àfi kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ wa. Nígbà tó pè, Màmá na ọwọ́, ó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni mo ní kó wà á. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ni, èmi ni kí o wá bá rò ó. Ọkọ̀ rẹ kú, ìyá rẹ kò kú, aya rẹ kò kú. Ulé la wà, à ń jẹun. Èwo nínú rẹ̀ ni o ń bínú sí?" Ó tún ní, "Èmi náà ni mo ní kí wọ́n má sọ ti ọ̀nà fún ọ. Mo rò pé mò ń ṣe ọ́ lóore ni." Ó dá fóònù padà fún mi, ó sì wọ yàrá lọ. Mo gbé e sétí. Ìlà ti gé.

Ìgbà tó tún pè, ó bi mí pé, "Ibo gan-an lẹ wà nígbà tó wọ pupa?" Mo rò pé ẹjọ́ ló tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì dáhùn bí ẹni tó ti rẹ̀. Mo sọ fún un pé lẹ́yìn Ìsẹ̀ ni, lẹ́yìn afárá kékeré, níbi tí òkè ti gùn tí àpáta kan yọ orí lápá òsì. Ó ní, "Àpáta tó tẹ́ lórí bí ibùsùn?" Mo ní òun ni. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé orí àpáta yẹn ni àwọn máa ń jókòó sí jẹ iṣu sísun nígbà tí òun bá tẹ̀ lé bàbá òun lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá òun, àti pé lẹ́yìn òjò, ìgbín tí àwọn máa ń ṣà nínú igbó náà kì í lóǹkà. Ó ní bí oorun bá dá lójú òun níbi tó wà, ibẹ̀ wà lára ibi tí òun máa ń rò. "Ṣé ibẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rù báyìí?" Mo ní ibẹ̀ ni. Mo gbọ́ tó fa imú. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ti dà bẹ́ẹ̀." Nígbà tó yá, ó ní kí a má gba ibẹ̀ mọ́, àwa méjèèjì sì mọ̀ pé kò sí ọ̀nà míì tó ya ibẹ̀ sílẹ̀ tí kò ní jẹ́ bákan náà.

Ó pẹ́ kí ọkọ̀ náà tó tún rìn. Ẹ́ńjìnì àlòkù ni wọ́n fi sí i, a sì ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ń wá rà á lóko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí wọ́n ń pè kò dùn mọ́ wa. Mo ṣì ń wakọ̀, ṣùgbọ́n láàárín ìlú ni, tàbí tí ọkọ̀ bá pọ̀ lọ́nà. Màmá rí ojú rẹ̀ tọ́jú nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló mú un lọ.

Bí mo bá ronú sí i báyìí, mi ò lè sọ fún ọ pé mo ṣe é re, mi ò sì lè sọ pé mo ṣì í ṣe. Géèjì náà sọ òótọ́. Màmá náà sọ òótọ́. Èèyàn kan ṣoṣo ni mo jẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kan ṣoṣo ni mo sì ní. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìfẹ́ tó wà lọ́nà jíjìn máa ń rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo tó bá rí dì mú, bó bá sì dì í mú tán, kì í rí ìyókù, àwa tí a wà nílé náà sì ń fi ìyókù pamọ́ fún un, à ń pè é ní àánú. Láti ìgbà náà, a kì í fi nǹkan pamọ́ fún un mọ́. Ohun tó bá le, a máa ń sọ ọ́ bó ṣe le tó. Òun náà kì í sì í yára sọ ohun tó yẹ kí a ṣe mọ́. Á kọ́kọ́ dákẹ́, bíi pé ó ń gbìyànjú láti dúró síbi tí a wà, kí ó tó béèrè pé, "Kí lẹ̀yin rò?" Ìdákẹ́ yẹn gùn, owó fóònù sì wọ́n, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gé e kúrú.